Téèpù télọ̀ àti ìwé èsì ọ̀rá ẹ̀jẹ̀: bí ẹ ṣe lè ka àmì ewu rọpárọsẹ̀ láì ṣì í kà

Ẹni méjì ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní Èkó. Ìwé ẹnì kìíní kọ 210, ti ẹnì kejì kọ 5.8. Ẹni 210 ò lè sùn mọ́, ẹni 5.8 ń dúpẹ́ pé tòun kéré. Ẹni tó ń dúpẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù: òṣùwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò kan ń lò yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe máa ń sọ pé ínǹṣì 34 ni ikùn àwọn, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sára ṣòkòtò wọn nìyẹn. Abẹ́ ikùn ni wọ́n ti ń di bẹ́líìtì, ikùn fúnra rẹ̀ sì ti lé ní 40.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni kí ẹ wọn ara yín bó ṣe yẹ, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá tí èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé, kí ẹ sì kó gbogbo nọ́ńbà náà sójú ìwé kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kan kì í dá sọ òótọ́ tán. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe lórí àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tí kò wà ní déédéé tẹ̀lé e, ikùn tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ sí ìdí sì wà lára àwọn tó wà lókè pátápátá. Àwa gan-an ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ará òkè òkun.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò gbéra mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àsìkò ìwọ̀n kọ́ nìyẹn. Ẹ pe 767 tàbí 112, ẹ sàmì sí aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ, omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ ní gbèdéke: wákàtí mẹ́rin àbọ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sí i.

Ohun tí ẹ nílò

- Téèpù télọ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà lójú kan. Ìsọ̀ àwọn tó ń ta okùn àti bọ́tìnnì ní Balógun tàbí Tejúoṣó kì í ṣàìní in.
- Téèpù irin ti káfíńtà. Ẹ yá a. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ máa lò ó.
- Gègé tó lè kọ ara, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, àti ògiri tó tẹ́jú.
- Ìwọ̀n tí wọ́n ń gùn, bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró.
- Ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè ìgúnpá. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ máa ń tètè ṣìnà.
- Ẹnì kan tí yóò máa wo ẹ̀yìn yín. Ẹ̀yìn ni téèpù ti ń wọ́ sílẹ̀ tí ẹni tó ń wọn ara rẹ̀ ò ní mọ̀.
- Owó àyẹ̀wò tí ilé àyẹ̀wò ń pè ní *lipid profile*. Ẹ bèèrè pé ṣé HDL àti triglyceride, oríṣi ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ méjì, wà níbẹ̀. Àwọn ibì kan ń ta kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nìkan lówó pọ́ọ́kú. Kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìpele 1: Ẹ dán téèpù wò

Téèpù tó ti pẹ́ máa ń nà. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù irin, kí 0 bá 0, kí ẹ wá wo 100. Bí ìyàtọ̀ ibẹ̀ bá ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ra òmíràn. Ẹ tún wo ibi tí irin kékeré wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: etí irin yẹn ni 0, kì í ṣe ibi tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ìwọ̀n ikùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bà á jẹ́ jù. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀. Ẹ tú ìró, ẹ bọ́ bẹ́líìtì àti aṣọ tó ń fún ikùn, ẹ sì sún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kúrò lọ́nà. Ara lásán ni téèpù gbọ́dọ̀ kàn.

1. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ìwúwo ara pín sórí wọn dọ́gba.
2. Ẹ ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ara, ní títò láti abẹ́ abíyá sísàlẹ̀, títí ẹ ó fi kan egungun ìhà tó kẹ́yìn. Ẹ fi gègé sàmì síbẹ̀.
3. Ẹ tẹ̀síwájú sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi kan orí egungun ìbàdí, egungun líle tí obìnrin máa ń gbé ọmọ lé bó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sàmì síbẹ̀ náà.
4. Ẹ wọn àárín àmì méjèèjì, kí ẹ dá a sí méjì. Ìdajì ọ̀nà yẹn ni téèpù yóò gbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.
5. Ẹ fi téèpù yí ara ká níbẹ̀. Kí olùrànlọ́wọ́ yín yí yín ká, kó rí i pé kò ga níwájú kó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn.
6. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta wẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe máa ń mí. Ìgbà tí èémí bá jáde tán ni kó ka nọ́ńbà. Kí téèpù fara kan awọ láì wọnú ẹran.
7. Ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ìdodo ṣe àmì. Ìdodo ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi ti wọ́ lọ sísàlẹ̀, ti obìnrin tó ti bímọ sì lè ti kúrò ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun kì í rìn. Àṣìṣe kejì ni fífa ikùn wọlé. Kò sẹ́ni tí yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí nọ́ńbà yìí, ẹ jẹ́ kí ikùn wà bó ṣe wà.

Kí aboyún má ṣe ìwọ̀n yìí, kí abiyamọ tuntun náà ní sùúrù. Ẹni tí fibroid ńlá, omi inú ikùn tàbí ìpákè wà lára rẹ̀ kò lè fi ikùn mọ bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó. Kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó dára? Ìwọ̀n méjèèjì kò gbọdọ̀ fi ju 1 cm yàtọ̀. Bó bá jẹ́ 92 àti 92.5, ẹ kọ àárín wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 92 àti 95, àmì yín ló ṣìnà. Ẹ padà sí nọ́ńbà 2.

Ìpele 3: Ìdí, gíga, àti ìṣírò

Ìdí rọrùn. Ibi tó yọ jù lẹ́yìn ni kí téèpù gbà. Kí olùrànlọ́wọ́ wò yín láti ẹ̀gbẹ́ kó lè rí i. Fún gíga, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí gèlè, ẹ bọ́ wíìgì. Bí ẹ bá dirun ṣùkú, ẹ fi ìwọ̀n gíga sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá tú u, nítorí ó máa ń fi gíga kún gíga. Ẹ fi gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ wo iwájú gan-an, kí ẹnì kan fi ìwé líle lé orí yín kó sì fi igun rẹ̀ kan ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ ìyá kan tó ń ta lẹ́ẹ̀sì: ó ga ní 160 cm, ikùn rẹ̀ jẹ́ 92, ìdí rẹ̀ jẹ́ 104, ó sì wúwo ní kílò 68. Lórí fóònù, ẹ tẹ 92 ÷ 104. Ó mú 0.88 wá. Ìṣírò ikùn sí ìdí nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bó bá ti tó 0.85 fún obìnrin tàbí 0.90 fún ọkùnrin, ewu ti wọlé. Ẹ wá tẹ 92 ÷ 160: 0.58 ni. Èyí kò gbọdọ̀ tó 0.5, ìyẹn ni pé kí ikùn má tó ìdajì gíga ẹni. Láti 0.5 lọ, ewu ń pọ̀, láti 0.6, ó ti ga.

Ẹ wo ìwúwo rẹ̀ wàyí. Ẹ tẹ 68 ÷ 1.6 ÷ 1.6 (1.6 ni gíga rẹ̀ ní mítà), ẹ ó rí nǹkan bíi 26.6, tí wọ́n ń pè ní BMI. Ìwọ̀n tó dára parí sí 24.9, sísanra jù sì bẹ̀rẹ̀ ní 30, nítorí náà wọn á ní ó kàn fi díẹ̀ lé ni. Ikùn rẹ̀ sọ ohun tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá tó kóra jọ yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká léwu ju ti ìdí àti itan, nítorí ó ń da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìfúnpá àti ṣúgà ga.

Ẹ ó tún gbọ́ nípa 94 cm fún ọkùnrin àti 80 cm fún obìnrin, tó jẹ́ ínǹṣì 37 àti 31 àbọ̀. Ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti fa àwọn yẹn yọ, wọ́n kàn ní kí Áfíríkà máa yá a lò ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìṣírò méjì tòkè yẹn ló yẹ kí ẹ gbára lé.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: bí ìṣírò ikùn sí ìdí bá mú nọ́ńbà tó kéré sí 0.65 tàbí tó ju 1.2 lọ jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ínǹṣì lẹ fi wọn ọ̀kan, tí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn èkejì.

Ìpele 4: Lílọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ẹ yan ilé àyẹ̀wò tó fi ìwé àṣẹ HEFAMAA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìlera ní Èkó, kọ́ sára ògiri, tí ẹni tó ń bu ọwọ́ lu èsì sì jẹ́ onímọ̀ tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, bíi General Hospital ní Ọ̀dàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ń ṣe é.

Wákàtí 9 sí 12 láìjẹun ni kí ẹ fi sí i. Omi lásán kò ṣe nǹkan, ẹ mu ún dáadáa, iṣan á rọrùn láti rí. Bí ẹ bá jẹun tán ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago márùn-ún sí mẹ́jọ àárọ̀ ni àkókò yín. Ní Èkó, ìrìnàjò ló ń ba èyí jẹ́. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ wá sí Marínà á kúrò nílé ní aago márùn-ún, ebi á máa pa á lórí afárá Third Mainland, á wá ra àkàrà àti búrẹ́dì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Triglyceride á gòkè nítorí ìyẹn. Ẹ wá ilé àyẹ̀wò tó sún mọ́ ilé, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá ti jẹ nǹkan, ẹ sọ ọ́. Wọ́n ṣì lè ṣe é, kí wọ́n sáà kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ ti jẹun.

Ẹni tó ń lo insulin tàbí oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ láì kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀: ṣúgà lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má sì dá oògùn kankan dúró torí àyẹ̀wò.

Àwọn ohun mìíràn tó ń yí èsì padà:

- Ọtí. Bí ẹ bá mu ún lóde àríyá Sátidé, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì ó kéré tán.
- Àìsàn. Ibà líle, àkóràn tàbí iṣẹ́ abẹ máa ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èsì tó dára lásìkò yẹn ń tan ènìyàn jẹ ni.
- Oyún, nítorí ó máa ń gbé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ga fúnra rẹ̀.
- Ìdúró. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó sáré bá bọ́ọ̀sì BRT tó sì na apá lórí ìdúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki ju bó ṣe yẹ lọ. Kí okùn tí wọ́n fi so apá má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe ṣúgà àìjẹun pọ̀ mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ kan náà ni.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé orúkọ yín ló wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú yín.

Ìpele 5: Kíka ìwé èsì

Ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n, kí ẹ tó wo nọ́ńbà rárá. Ó lè jẹ́ mg/dL, ó lè jẹ́ mmol/L. Láti sọ mmol/L di mg/dL, ẹ tẹ × 38.67 fún gbogbo ohun tó jẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, HDL àti LDL. Triglyceride yàtọ̀: × 88.57 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá lo 38.67 fún triglyceride á rò pé òun ti bọ́, nígbà tí kò tíì bọ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá onílẹ́ẹ̀sì. Ìwé rẹ̀ kọ, ní mmol/L: àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 5.8, HDL 1.2, triglyceride 1.0.

Àpapọ̀ 5.8 di 224 mg/dL. Ó ti kọjá 200, tó jẹ́ 5.2 mmol/L, tí a fẹ́ kó má dé.

HDL 1.2 di 46. HDL ni ọkọ̀ tó ń kó ọ̀rá padà sí ẹ̀dọ̀, nítorí náà kíkéré rẹ̀ ni à ń bẹ̀rù. Fún obìnrin, kó má lọ sísàlẹ̀ 50, ìyẹn 1.3, fún ọkùnrin, 40, ìyẹn 1.0. Ti ìyá yìí kéré. Lẹ́tà H (ó ga) àti L (ó kéré) tí kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú níbí: H níwájú HDL kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpayà, L ni ọ̀ràn.

LDL ni èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í wọ̀n ọ́n ní tààrà, ìṣírò ni wọ́n fi ń rí i: àpapọ̀, ẹ yọ HDL, ẹ yọ triglyceride tí a fi 2.2 pín. Bó bá jẹ́ mg/dL, 5 ni ẹ ó fi pín in. Ti ìyá yìí: 5.8 − 1.2 − 0.45 = 4.15, tó jẹ́ nǹkan bíi 160 mg/dL. Ibi tí LDL ti gòkè nìyẹn. Kò ju 100 lọ ló dára jù, 130 sí 159 wà lẹ́nu ààlà, 190 sókè kò ṣeé fi falẹ̀ rárá. Bí triglyceride bá ju 400 mg/dL lọ, ìyẹn 4.5, ìṣírò yìí ti bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n wọn LDL ní tààrà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gba àìjẹun: àpapọ̀ ẹ yọ HDL. 5.8 − 1.2 = 4.6. Gbogbo ọ̀rá tó lè di iṣan ló wà nínú nọ́ńbà yìí. Kó má kọjá 3.4 mmol/L, ìyẹn 130 mg/dL.

Triglyceride rẹ̀ jẹ́ 89 mg/dL, kò dé 150 tó jẹ́ ààlà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fọkàn yín balẹ̀ jù. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, triglyceride sábà máa ń wà nílẹ̀ bí ikùn bá tilẹ̀ tóbi tí ṣúgà sì ti fẹ́ máa yọnu. Bó bá kéré, kò túmọ̀ sí pé ewu ò sí. Bó bá sì ga dé 500, ẹ tètè rí dókítà, nítorí ó lè ba àmọ́ jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà inú (pancreas) tó ń ṣe insulin.

Ohun kan tún wà. Ààlà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti fa rọpárọsẹ̀ fún rí, tí iṣan rẹ̀ sì ti dí, dókítà sábà máa ń fẹ́ kí LDL rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL. Ìwé lè kọ pé ó dára fún un ní 110, kó má sì dára.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ tún LDL ṣírò fúnra yín. Bí tiyín àti ti ìwé bá jìnnà síra, ẹ bi wọ́n pé ṣé tààrà ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ní ìṣírò ni, ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ìpele 6: Ìfúnpá

Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ tí iṣan ti bẹ́ nínú ọpọlọ, ìfúnpá ni olórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé tí kò ní ìfúnpá kò fi pé.

Ẹ tọ̀ tán, ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ìpele àyà. Kò gbọdọ̀ sí kọfí tàbí sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má gba ìpè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín. Ẹni tí apá rẹ̀ sanra nílò ọ̀já tó tóbi; èyí tó kéré máa ń gbé nọ́ńbà ga lórí irọ́. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìpele 7: Ìwé kan ṣoṣo, àti ibi tó ń lọ

Ẹ kọ sójú ìwé kan: ọjọ́, ọjọ́ orí, ikùn, ìdí, gíga, ìwúwo, ìṣírò méjèèjì, ìfúnpá, ṣúgà, àti nọ́ńbà ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi kún un bóyá ẹ ń mu sìgá, bóyá òbí tàbí ọmọ ìyá kan ti ní rọpárọsẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo náà pẹ̀lú. Ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹni tó bá wà nínú ILERA EKO, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó yàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn ọ̀rá ní kẹ́mísì torí pé aládùúgbò ń lò ó. Ó lè kọlu oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ dédé lò ó, kì í sì í ṣe ti aboyún. Tíì tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń fọ ọ̀rá kì í ṣe àfidípò rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí ni kí ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì ìjẹun, kí ẹran dín kù nínú ọbẹ̀, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú pọ̀ sí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa rìn.

Ẹ tún ikùn wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀, pẹ̀lú téèpù kan náà. Ìyàtọ̀ tí kò tó 2 cm lè jẹ́ ti ọwọ́ tó ń wọ̀n. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn ọ̀rá, ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Bí LDL bá ti wálẹ̀ nígbà náà, oògùn ló ń ṣiṣẹ́: ẹ máa lò ó lọ títí dókítà yóò fi sọ ohun mìíràn.